Ohun Tí Ẹ̀rọ Rí àti Ohun Tí Kò Rí: Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Nídìí Kátálọ́ọ̀gì Ohun Èlò Ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin olùtọ́jú ilé ìkàwé, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sọ́fítíwíà, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìjókòó.

Olùkọ́ kan fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí ewéko ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Fídíò tó mọ́yán lórí ti wà nílẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹnìkan ti ṣe é, ó ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn rí i lò. Ṣùgbọ́n "video_final2" ni orúkọ fáìlì náà. Kò sí àlàyé lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò kọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tó wà fún. Olùkọ́ yìí wá a títí, kò rí i, ló bá jókòó lóru, ó ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe parí ló tún ń ṣe, wákàtí tó yẹ kó fi wo ìwé àwọn ọmọ sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ka iye rẹ̀.

Ní ọdún 2001 ni ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun máa gbé ohun èlò ẹ̀kọ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, níbi ìpàdé kan tí UNESCO pè, wọ́n sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń gé kúrú sí OER. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO ti fẹnu kò lórí ìmọ̀ràn kan pé kí ìjọba máa ti irú ohun èlò yìí lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ṣíṣe rẹ̀ ń yá sí i, nítorí ẹni tó ní fóònù ti lè ṣe fídíò. Kíkọ àlàyé nípa rẹ̀ ni kò yára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa kọ ọ́ dáadáa ní láti wo fídíò náà tàbí kó ka ìwé náà, kó yan kókó ọ̀rọ̀ tó bá a mu, kó wádìí ẹni tó ni ín. Ènìyàn kan kò lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lójúmọ́.

Ti pé a ò ní ìlànà kọ́, ìlànà pọ̀. Ní 1995 ni àwọn kan péjọ sí ìlú Dublin, èyí tó wà ní Ohio ní Amẹ́ríkà o, kì í ṣe ti Ireland, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìlànà tí à ń pè ní Dublin Core. Àyè 15 ló wá fìdí múlẹ̀ nínú rẹ̀: àkọlé, ẹni tó ṣe iṣẹ́, kókó ọ̀rọ̀, àpèjúwe, ọjọ́, èdè, ẹ̀tọ́ ìlò, àti àwọn tó kù. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ wò ó, wọ́n ní èyí kò tó fún ohun tí a fi ń kọ́ni. Ní 2002, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, gbé LOM jáde, ìlànà àlàyé fún ohun èlò ẹ̀kọ́. Ìyẹn ní àyè fún bí ohun èlò ṣe le tó, ọjọ́ orí ẹni tó wà fún, àti bí àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lò nídìí rẹ̀ ṣe máa gùn tó. Lẹ́yìn náà ni LRMI dé, ìlànà mìíràn fún ohun èlò ẹ̀kọ́, tí schema.org, àkójọ ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò tí àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí ń kà, gbà wọlé ní 2013, kí àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí lè máa ka àlàyé yìí tààrà lára ojú ewé. Gbogbo rẹ̀ dára. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí àkójọ kan wò, ẹ ó rí àkọlé, ẹ ó rí ọjọ́, lẹ́yìn náà òfìfo ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kò rí àyè kọ ìyókù.

Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ti wúlò. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé fídíò yẹn wọnú ẹ̀rọ, ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Ká ní ìṣẹ́jú 12 ni gígùn rẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ gbọ́ ohùn inú rẹ̀, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ́fítíwíà bíi Whisper, tí ilé iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní 2022, ń ṣe èyí, ó sì ń fi àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó kọ, débi pé a lè mọ̀ pé ìṣẹ́jú kẹrin ni olùkọ́ inú fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa chlorophyll. Èyí nìkan tó ohun tí à ń dúpẹ́ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ràn dáadáa ti rí ohun kà, ẹni tó ń wá ibi kan pàtó nínú fídíò sì lè lọ síbẹ̀ tààrà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ elédè, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ka ọ̀rọ̀ tó sì ń kọ ọ̀rọ̀, máa ka ohun tí a kọ sílẹ̀ náà. Ó dábàá àkọlé tó nítumọ̀, ó kọ àpèjúwe gbólóhùn mẹ́ta, ó ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni, ó mú kókó ọ̀rọ̀ márùn-ún jáde. Kò pẹ́ kò jìnnà, káàdì kátálọ́ọ̀gì fídíò náà, tó ṣófo tẹ́lẹ̀, ti kún.

Ó kún ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú àyè àṣẹ ìlò, ó kọ "CC BY", ìyẹn àṣẹ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó bó bá ṣáà ti dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́nì kankan. Olùkọ́ inú fídíò náà kò mẹ́nu ba àṣẹ ìlò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ ti rí àkọsílẹ̀ ohun èlò ẹ̀kọ́ lọ súà rí, CC BY sì wọ́pọ̀ nínú wọn, ló bá fi ohun tó wọ́pọ̀ dí ibi tó ṣófo. Nínú àyè ọjọ́ orí, ó kọ "ọdún 11 sí 14". Ìyẹn náà, ó méfò ni. Bí ẹ bá sì wo ọ̀nà tó gbà kọ ọ́, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín ohun tó gbọ́ pẹ̀lú etí ara rẹ̀ nínú fídíò àti ohun tó méfò. Lẹ́tà kan náà ni, ìdánilójú kan náà ni.

Kókó tí mo gbé wá bá yín lónìí nìyí. Àwọn àyè tó wà lórí káàdì kò rí bákan náà lójú ẹ̀rọ, kò sì yẹ ká máa bá gbogbo wọn lò bákan náà. Àwọn kan wà tí ìdáhùn wọn wà nínú ohun èlò fúnra rẹ̀: èdè, gígùn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ohun tó dá lé. Àwọn kan sì wà tí ìdáhùn wọn wà níta: ta ló ni ín, kí ló fàyè gbà, ta ló ṣe é fún, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó dé ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ rí ọmọ, kò rí ilé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àṣẹ ìlò, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń pa ènìyàn lára jù. Irú àṣẹ mẹ́fà ni Creative Commons, àjọ tó ṣe àwọn àṣẹ CC yìí, ní. Èyí tó fẹ̀ jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni CC BY: lò ó bó o ṣe fẹ́, kó o sáà ti dárúkọ ẹni tó ṣe é. Èyí tó há jù ni CC BY-NC-ND: má fi ṣòwò, má sì pín èyí tó o bá ti yí padà fún ẹlòmíràn. Títúmọ̀ sí èdè mìíràn wà lára yíyí padà. Olùkọ́ tó bá rí CC BY lórí káàdì, tó fi òótọ́ inú túmọ̀ fídíò náà, tó sì gbé ìtumọ̀ rẹ̀ jáde fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, lè ti kọjá àyè rẹ̀ láìmọ̀, bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹni tó ṣe fídíò fún un kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dójú ẹ̀, olùkọ́ ni wọ́n máa pè.

Bákan náà, àyè tó ṣófo ní ohun tó ń sọ. Lábẹ́ Àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ jù nínú orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí, ẹ̀tọ́ ti di ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò dìgbà tó bá kọ ọ́ sí i lára. Nítorí náà, ohun èlò tí kò ní àṣẹ ìlò lára kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè gbé. Ẹ̀rọ tó bá fi CC BY dí àyè yẹn ti fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn tọrẹ. Ohun tí mo lè fọwọ́ sí ni pé kí ẹ̀rọ máa wá àṣẹ ìlò kiri: kó wo ojú ewé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, kó wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó wo ohun tó hàn lójú fídíò nígbà tó ń parí lọ. Bó bá rí i, kó da ọ̀rọ̀ náà kọ bó ṣe wà, kó sì sọ ibi tó ti rí i. Bí kò bá rí i, kó kọ "kò rí i", kó sì fi í sílẹ̀ fún ènìyàn.

Ti ọjọ́ orí àti ìpele náà ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀rọ ń wo bí gbólóhùn ṣe gùn tó àti bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó, ó sì ń fi ìyẹn pinnu. Ẹ wá wo ìwé tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, ẹ̀rọ á ní ti ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Àgbàlagbà tó bá tìtorí rẹ̀ wọlé wá, tó rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé ti ọmọdé ni, lè padà lẹ́yìn kó má wá mọ́. Ẹni tó ṣe ìwé náà mọ ẹni tó ní lọ́kàn, ìbéèrè kan ṣoṣo la sì máa bi í.

Mo ti sọ pé kókó ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó wà nínú ohun èlò, tí ẹ̀rọ sì lè rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ fò dá. Láti 2022 ni Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, ti ń dán ẹ̀rọ wò lórí ìwé orí ẹ̀rọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àkọlé, orúkọ òǹkọ̀wé àti nọ́ńbà ìdámọ̀, ẹ̀rọ ṣe dáadáa nídìí wọn. Ìgbà tó kan yíyan kókó ọ̀rọ̀ láti inú àkójọ ńlá tiwọn ni ọwọ́ rẹ̀ rọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ni orí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkójọ yẹn, èyí tí wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lò rí nínú wọn pọ̀ jọjọ. Ẹ̀rọ tó ń fi àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá kẹ́kọ̀ọ́ kì í dábàá ohun tí kò rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun èlò tó ṣọ̀wọ́n gan-an ló nílò orúkọ tó péye jù, nítorí pé àwọn tó ń wá a kò pọ̀, wọn ò sì ní ibòmíràn tí wọ́n máa yà sí.

Tí a bá wá dá ẹ̀rọ dá a, pé kó máa mú ọ̀rọ̀ tó bá wù ú jáde, kátálọ́ọ̀gì dàrú nìyẹn. Ohun èlò kan á ní "ìṣirò," òmíràn á ní "mathimátíìkì," òmíràn á ní "maths," ẹni tó bá wá ọ̀kan kò sì ní rí méjì yòókù. Àkójọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa fọwọ́ sí ni kí ẹ̀rọ ti máa yàn. Àwọn ará Finland fi ọ̀nà kan hàn tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ilé Ìkàwé Ìjọba wọn ṣe sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Annif, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbà á. Ẹ fún un ní àkójọ ọ̀rọ̀ yín àti ìwé tí ènìyàn ti fi ọwọ́ kọ kókó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó máa kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn. Tí ẹ bá wá fún un ní ìwé tuntun, ó máa dábàá kókó, á sì fi nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òdo dé ení, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe dá a lójú tó. Ní yunifásítì Jyväskylä, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ máa rí àbá ẹ̀rọ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa mú èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, tó máa ju ìyókù nù. Ẹni tó kọ ìwé ló ń fọwọ́ sí orúkọ ìwé. Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n jù ú lọ?

Jámánì gba ọ̀nà tó le jù bẹ́ẹ̀. Láti 2010 ni ilé ìkàwé ìjọba wọn ti pinnu pé ènìyàn kò ní máa fi ọwọ́ yan kókó ọ̀rọ̀ fún ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ̀rọ ni kó máa ṣe é. Iye tó ń wọlé ti ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí àkójọ ohun èlò ẹ̀kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé olùkọ́ tó ń wá ohun tí yóò fi kọ́ni lọ́la kò ní àkókò láti máa tu èpò kúrò nínú àbájáde.

Ọ̀rọ̀ èdè kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ mọ àwọn èdè tí ohùn àti ìwé wọn pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju àwọn yòókù lọ. Fún èdè bíi tiwa, tó ní àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, ó lè kọ ọ̀rọ̀ láìsí àmì, tàbí kó fi àmì síbi tí kò yẹ. Nǹkan kan tún wà tí ojú kì í rí. Lẹ́tà "ẹ" lè wà nínú kọ̀ǹpútà lọ́nà méjì: gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, tàbí gẹ́gẹ́ bí "e" tí wọ́n lẹ àmì mọ́ lẹ́yìn. Lójú wa, bákan náà ni wọ́n rí. Lójú ẹ̀rọ ìṣàwárí tí wọn ò tọ́jú dáadáa, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìwé tó wà nílẹ̀ á wá dà bí èyí tí kò sí. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ní ìlànà tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, NFC ni wọ́n ń pè é. Kò nílò ọgbọ́n àtọwọ́dá kankan. Kí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà jọ̀ọ́ ṣe é kí àkọsílẹ̀ kankan tó wọlé.

Ìwé tí wọ́n yà ní fọ́tò ní wàhálà tó jọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà jáde lára fọ́tò lè sọ x² di x2, kó sọ 1 di l. Nínú ìwé ìṣirò, ìyẹn ti sọ ìbéèrè di nǹkan mìíràn. Ẹ̀rọ elédè tó bá kọ àpèjúwe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní mọ̀ pé ohun tó kà ti bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ òun, á sì kọ ọ́ ní èdè tó já gaara. Bákan náà, tí ẹ bá fún un ní àkọlé nìkan, ó lè kọ àpèjúwe ìwé tí kò kà. Tí ẹ bá ní kó fi ISBN, nọ́ńbà ìdámọ̀ ìwé, sí i, ó lè hun ọ̀kan jáde. Nínú ISBN oníye 13, ìkẹyìn ni wọ́n fi ń yẹ méjìlá tó ṣáájú wò, ètò kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà sì lè ṣe é kíákíá. Ìyẹn á mú púpọ̀ nínú irọ́ náà. Èyí tó bá yè é, kí wọ́n wá a nínú àkójọ tó dájú.

Nítorí gbogbo èyí, ohun kan wà tí mi ò lè fojú fò nínú kátálọ́ọ̀gì tí ẹ̀rọ bá ti fọwọ́ kàn: kí àyè kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tó kọ ọ́. Ṣé ẹ̀rọ ni àbí ènìyàn? Ẹ̀rọ wo, ọjọ́ wo, báwo ló ṣe dá a lójú tó, ṣé ẹnìkan ti fọwọ́ sí i? Àwọn ilé ìkàwé ti ronú kan èyí. Nínú MARC, ìlànà tí ilé ìkàwé fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìwé sórí kọ̀ǹpútà, tí Henriette Avram ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀ ní Library of Congress láti àwọn ọdún 1960, àyè kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 883, fún sísọ ibi tí àlàyé ti wá àti bí ìdánilójú rẹ̀ ṣe tó. Àyè ti wà, kíkọ nǹkan sí i ló kù. Láìsí i, ẹ̀rọ ọ̀la á máa fi ìméfò ẹ̀rọ òní kẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń rò ó pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tí mo là sílẹ̀ yìí ń fẹ́ ẹni tó mọ kátálọ́ọ̀gì dunjú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó máa wo àbá mẹ́wàá, tó máa mọ èyí tó fẹ́ jọ òótọ́ tí kì í ṣe òótọ́, kì í ṣe ẹni tí a kàn máa mú lójú ọ̀nà.

Ní ti bí a ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ mú ohun èlò bíi 200, kí onírúurú wà nínú rẹ̀, kí àwọn èdè kéékèèké náà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjì tó mọṣẹ́ kọ àlàyé wọn láì wo ti ara wọn, kẹ́ ẹ wá fi wéra. Ẹ ó rí i pé àwọn méjèèjì kò bára mu níbi gbogbo, pàápàá lórí kókó ọ̀rọ̀. Ìyẹn dára, kẹ́ ẹ má baà máa bi ẹ̀rọ ní ohun tí àwa gan-an kò tíì fẹnu kò lé lórí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ̀rọ ṣe 200 yẹn kan náà. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ bi í lórí àyè kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí Cyril Cleverdon, olùtọ́jú ilé ìkàwé kan, fi dán ọ̀nà ìṣàwárí wò ní Cranfield ní England láwọn ọdún 1960: nínú ohun tó dábàá, mélòó ló tọ́? Nínú ohun tó yẹ kó dábàá, mélòó ló rí? Ẹ má ṣe da gbogbo àyè pọ̀ di nọ́ńbà kan ṣoṣo, nítorí èdè tó mọ̀ dáadáa á bo ọjọ́ orí tí kò mọ̀ mọ́lẹ̀.

Kí fídíò tí ojú ọmọdé tàbí ohùn wọn bá wà nínú rẹ̀ má ṣe kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kankan láìsí ìyọ̀ǹda àwọn òbí. Àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni wà, Whisper àti Annif wà lára wọn.

Àyè tó bá yege nínú ìdánwò, kí ẹ̀rọ máa kọ ọ́, kí ènìyàn máa yẹ díẹ̀ wò nínú rẹ̀ lóṣooṣù. Àṣẹ ìlò àti ọjọ́ orí, ọwọ́ ènìyàn ni kí wọ́n wà. Èyí tí ẹ̀rọ bá ní kò dá òun lójú ni kó kọ́kọ́ dé iwájú òṣìṣẹ́ láàárọ̀, kó má jẹ́ ìkẹyìn. Lábẹ́ káàdì kọ̀ọ̀kan, kí bọ́tìnnì kan wà tí olùkọ́ lè tẹ̀ bó bá rí àṣìṣe, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dé ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ sí àyè náà, kì í ṣe àpótí lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Àtúnṣe yẹn ni kẹ́ ẹ tún fi kọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ń retí ìbéèrè yín, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́.